Kí Ló Mú Kí Sídíkà Ka Ìyá Rẹ̀ Mọ́ Ohun Tí A Kò Lè Rí?

Ìgbó-Ọrà,
Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ìyá rẹ ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́ bóyá ò ń jẹun dáadáa ní Èrúwà, torí náà mo ti bi ọ́. Ara tiwa le. Òjò àná ṣí páànù kan kúrò lórí ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Wàá máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù a máa já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ẹni. Nígbà tí o pè mí lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé, nígbà tó sì gé lẹ́ẹ̀kẹta, kò padà mọ́. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ gùn, mo sì fẹ́ kí o lè kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo mọ̀ ọ́, o máa ń fo ojú ìwé láti kékeré. Jọ̀wọ́, má fo èyí.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí o rí yìí ju bí mo ṣe fi hàn lọ. Lọ́jọ́ tí o gbé báàgì méjì àti mátírẹ́ẹ̀sì kúrò nílé, mo ṣe bí ẹni ń wá bàtà lẹ́yìnkùlé kí ẹ má baà rí ojú mi. Ọdún márùndínlógójì ni mo fi ṣe tíṣà, mi ò sì ronú rẹ̀ rí pé ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ mi á tún mú ṣọ́ọ̀kì dání. Ẹ máa ń sá fún un nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ẹ ní ó máa ń jẹ́ kí n wúkọ́.

Jẹ́ kí n tún ohun tí o sọ fún mi sọ, kí n lè mọ̀ bóyá mo gbọ́ ọ yé. O ní ò ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kẹta ní ọ̀rọ̀-orúkọ. O kọ ọ́ sí pátákó pé oríṣi méjì ni: èyí tí a lè fojú rí, tí a lè fọwọ́ kàn, bíi òkúta àti ewúrẹ́, àti afòyemọ̀, èyí tí ojú kò lè rí, tí ọkàn nìkan ló mọ̀ ọ́n, bíi ìfẹ́ àti sùúrù. Wọ́n dà á kọ, wọ́n kà á bí orin. Nígbà tí o wá ní kí wọ́n fún ọ ní àpẹẹrẹ afòyemọ̀, ẹni àkọ́kọ́ ní "kìnnìún", torí pé òun kò rí kìnnìún rí. Mo rẹ́rìn-ín títí ìyá rẹ fi wá wo ohun tó ṣe mí. Lẹ́yìn náà ni ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Sídíkà dìde, ó ní, "Ìyá mi." Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìwọ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, o jẹ́wọ́ ìyẹn fún mi, ó sì dára bí o ṣe jẹ́wọ́. O ní kí ó ronú kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ: "Ìyá mi ni." O ní ó ń fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, o ní kí ó kúnlẹ̀ níwájú títí agogo fi lù.

Láti ọjọ́ náà, òní ló pé ọjọ́ mẹ́jọ, Sídíkà kò wá sí ilé-ìwé mọ́. Ọ̀gá yín ní bó bá di ìparí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tí kò dé, òun á pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú réjísítà. Tíṣà ẹlẹgbẹ́ rẹ ní kí o lọ wò ó nílé. O wá sọ fún mi pé, "Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé tíṣà kì í lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ nílé." Ibẹ̀ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Mo rò ó lóko, mo rò ó nínú ìpàdé àdúrà lánàá nígbà tí ó yẹ kí n máa ṣe àmín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Kí ló rí? Kí ló ń gbèrò? Má sọ fún mi pé kò gbọ́n. Ọmọ tí kò gbọ́n á pe ohun tí ọmọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pè. Èyí dìde fúnra rẹ̀, wọ́n fi í ṣe ẹ̀rín, ó sì tún ọ̀rọ̀ náà sọ lójú gbogbo wọn. Mi ò mọ ìdí rẹ̀. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n, o sì ti fìyà jẹ ẹ́ fún un. Ìyẹn ló ń bà mí nínú jẹ́.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà mi ni mo fẹ́ tú fún ọ wò lónìí. Kò mọ́, ṣùgbọ́n ó pọ̀.

Èkíní. Má bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ láti orí pátákó. Màá kọ ìtumọ̀ gbọọrọ, wọ́n á dà á kọ, màá sì lọ jókòó bí ẹni tó ti ṣiṣẹ́. Ọdún mélòó kan kọjá kí n tó rí i pé kò sí ohun tó wọ orí ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ọgbọ́n dé, mo mú àpò ìrẹsì òfìfo kan, mo kó nǹkan sí i: òkúta, ẹ̀gẹ́ kan, ṣíbí, ìyẹ́ adìẹ, ike omi. Màá ní kí ọmọ kan dijú, kí ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí ó sọ ohun tó bà. Àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ láti oṣù dé oṣù á máa ti ara wọn kí ó lè kàn wọ́n. Bí gbogbo rẹ̀ bá tán, wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Kí ló wà láyé tí kò lè wọ inú àpò yìí?"

Wàá gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n á ní ilé, wọ́n á ní mọ́tò, wọ́n á ní àwọn òkè tó yí wa ká yìí. Fara balẹ̀ fún wọn. Jẹ́ kí àwọn fúnra wọn rí i pé òkè tóbi ju àpò lọ, ṣùgbọ́n a lè gùn ún, a lè fọwọ́ gbá a. Ẹnì kan á ní atẹ́gùn. Èyí tó sọ ọ́ ní kíláàsì tèmi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní irọ́ ni. Ó mú ọ̀rá kan, ó fi gbá atẹ́gùn, ó so ó lẹ́nu pinpin, ó jù ú sínú àpò, ó ní, "Ó ti wọlé, sà." Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Títí di òní, ọ̀rá yẹn ni mo fi ń ṣàlàyé fún àwọn àgbà pé ohun tí ojú kò rí lè wà lọ́wọ́ ẹni síbẹ̀.

Èkejì. Ojú àti ọwọ́ nìkan kọ́ ni Ọlọ́run fún wa. Bí o bá sọ fún wọn pé ohun tí a bá lè fojú rí nìkan ló ní ara, òórùn irú á wá já ọ nírọ́. Fi imú kún un, fi etí kún un, fi ahọ́n kún un. Èmi àti tíṣà kan ní Ìdèrè bá ara wa jiyàn ní odidi ọ̀sẹ̀ kan lórí àlá. Ó ní àlá kò ṣeé rí. Mo ní èmi rí bàbá mi nínú àlá lóru àná, mo rí fìlà orí rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pàápàá. Ó ní ṣé ojú mi là. Mo ní rárá. Ó ní ta ló wá rí i? Mi ò tíì rí èsì fún un, ó sì ti fẹ̀yìntì padà sí ìlú wọn. Bi àwọn ọmọ rẹ kí o sọ ohun tí wọ́n bá wí fún mi. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Afòyemọ̀ kì í gbé inú ìwé, inú ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń gbé. Má kọ "ìbẹ̀rù" kí o sì kọjá lọ. Bi wọ́n pé ta ló ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́. Ọwọ́ á pọ̀. Bi wọ́n pé, "Báwo la ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín?" Wọ́n á ní ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, wọ́n á ní ọkàn ń lù kìkì. Wá sọ pé, "Ẹsẹ̀ la rí yẹn. Ìbẹ̀rù fúnra rẹ̀ ńkọ́, níbo ló wà?" Wọ́n á dákẹ́. Má ṣe kánjú já wọn gbà nínú ìdákẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti ń wọlé. Ọmọ kan fi ọwọ́ lé inú rẹ̀ nígbà tí mo ní ebi kò ṣeé fọwọ́ kàn. Ó ní, "Ó wà níbí, sà, ó ń kùn." Mo pín ìrẹsì mi fún un lọ́jọ́ náà, a sì jọ gbà pé inú ló ń kùn, ebi ló ń rán an níṣẹ́.

O tún lè mú ọ̀rọ̀-ìṣe kí o bí orúkọ láti ara rẹ̀. Gbàgbé bí ìgbàgbé, dárí jì bí ìdáríjì. Ó máa ń dùn mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n múra sílẹ̀ o. Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kan pé gbogbo ohun tí a bá bí báyìí, ojú kò lè rí i, ni ọmọ kan bá gbé ìjókòó rẹ̀ wá síwájú, ó ní, "Láti ara jókòó ni a ti bí èyí, ó sì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin." Bí ọmọ bá bá ọ wí báyìí, gbà fún un. Má bínú sí i nítorí pé ó gbọ́n jù ọ́ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ẹ̀kẹrin. Èyí gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ mú bírò, mi ò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, títí kan ìyá rẹ.

Ìdèrè ni wọ́n gbé mi lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ mi. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ìwé-ẹ̀rí mi ṣì ń rùn fún yíǹkì, àgbá òfìfo ni mí, mo sì ń pariwo. Ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà ní kíláàsì mi tó ń jẹ́ Táyé. Ìkejì rẹ̀, Kẹ́hìndé, ti kú ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kí wọ́n tó fi wọ́n sí ilé-ìwé. O mọ bí a ṣe ń ṣe é níbí. A kì í ní ìbejì kú. A máa ń ní ó lọ sí Èkó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sọ fún Táyé, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò sì ń wí. Ohun tí ìyá rẹ̀ bá rà fún un, méjì ló ń rà. Bí ọmọ náà bá mú àkàrà méjì wá sí ilé-ìwé, á jẹ ọ̀kan, á wé ìkejì padà lọ sílé. Gbogbo wa ló mọ̀. Èmi ọmọ Ìgbó-Ọrà, tí ìbejì pọ̀ nílé wa ju àga lọ, ṣé èmi ni mi ò ní mọ̀?

Lọ́jọ́ kan, aláyẹ̀wò ilé-ìwé wá jókòó sẹ́yìn kíláàsì mi. Mo fẹ́ kí ó rí i pé mo mọ iṣẹ́. Mo ń kọ́ wọn ní afòyemọ̀, mo kọ "ikú" sí pátákó. Àwọn ọmọ kò gbà. Wọ́n ní, "A máa ń rí i, sà. Wọ́n gbé Bàbá Àgbà wa kọjá." Mo ní òkú lẹ rí, ẹ kò rí ikú. Ọ̀rọ̀ gidi ni mo sọ, ṣùgbọ́n kò yé wọn, aláyẹ̀wò sì ń wo aago. Mo ń wá àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wọn. Ojú mi bọ́ sára Táyé, ẹnu mi sì yá ju ọkàn mi lọ. Mo ní, "Ó dáa, ẹ wo Táyé. Kẹ́hìndé rẹ̀ kú. Ta ló rí ohun tó pa á nínú yín?"

Mojí, ohun tí kò sí ẹni tó sọ nílùú yẹn láti ọdún mẹ́ta ni mo sọ, mo sì sọ ọ́ láti fi kọ́ni ní ọ̀rọ̀-orúkọ. Táyé rọra dìde, ó ní, "Èkó ló lọ, sà." Mo ní, "Jókòó, Táyé." Aláyẹ̀wò kọ ọ́ sínú ìwé mi pé olùkọ́ yìí mọ bí a ṣe ń fi àpẹẹrẹ tó bá àyíká mu kọ́ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ kí ó tó lọ.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Gbogbo ènìyàn ṣì ń pè é ní Ìyá Ìbejì. Mo ti múra fún èébú, kò bú mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Tíṣà, èmi ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ti ń wá ọjọ́ tí màá sọ ọ́." Ó gba àwọn ìwé ọmọ rẹ̀ tó wà lórí tábìlì mi, ó lọ. Táyé kò padà wá sí ilé-ìwé mọ́. Mo gbọ́ pé ó ń bá ìyá rẹ̀ yan gàrí.

Ó wù mí kí n lọ bẹ̀ wọ́n. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa ìgbà náà. Ó ní, "Tíṣà kì í lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ nílé. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ báyìí, wọn ò ní bọ̀wọ̀ fún ọ mọ́." Mo gbà fún un, nítorí pé ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sọ ọ́ di tèmi. Mo máa ń sọ ọ́ nídìí oúnjẹ nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ẹ sì máa ń gbọ́. Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ, ojú tì mí. Ẹ̀bi mi ni, Àbẹ̀kẹ́. Èmi ni mo kọ́ ọ.

Ọdún mẹ́tàdínlógójì rèé. Táyé ti di ìyá ọlọ́mọ, Ìdèrè náà ló ṣì wà, gàrí ló ń tà. Mo ti rí i lọ́jà ní àìmọye ìgbà, mo sì máa ń yà sẹ́yìn àwọn oníṣu. Ìyá rẹ fẹ́ràn gàrí rẹ̀ nígbà kan, èmi ni mo ní iyanrìn wà nínú rẹ̀. Kò sí iyanrìn kankan níbẹ̀. Bí o bá ń ka èyí sókè fún ẹnikẹ́ni, fo ibẹ̀ yẹn.

Nítorí náà, má fi ọ̀rọ̀ ilé ọmọ kankan ṣe àpẹẹrẹ, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá gbé e wá. Bó bá sì gbé e wá, fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ẹyin lohùn, bó bá bọ́, fífọ́ ní ń fọ́.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà dé mọ́. Ṣé ẹ̀karùn-ún ni? Bí ọmọ bá fún ọ ní èsì tí kò tọ̀nà, má fi àmì àṣìṣe sí i kí o tó bi í pé, "Kí ló mú ọ sọ bẹ́ẹ̀?" Ìbéèrè yìí ni mo kọ́ gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ mi, òun ló sì wúlò jù. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ọmọ tó pe kìnnìún yẹn, ọ̀nà wà tó gbà débẹ̀: ìwọ lo ní ohun tí ojú kò rí, kò sì rí i. O lè bá a gba ibẹ̀ padà. Ṣé ohun tí ìwọ kò rí ni, àbí ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè rí? Ìbéèrè kan ni, òun ni gbogbo ẹ̀kọ́ náà. Sídíkà náà ní ọ̀nà tó gbà. Bóyá ìyá rẹ̀ wà lókèèrè. Bóyá ó wà nílé tí kò sì gbóhùn rẹ̀. Bóyá ohun mìíràn ni tí èmi àgbàlagbà kò lè ronú kàn. Mi ò fẹ́ méfò. Òun nìkan ló mọ̀.

Kí n tó gbàgbé, màmá tó ni ilé tí ò ń gbé, máa kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fọ eyín lọ́wọ́. Kọ nóòtì iṣẹ́ rẹ kí ọjọ́ Àìkú tó ṣú. Má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọ́ ṣe olórin ilé-ìwé nítorí pé ohùn rẹ dára, wọn ò ní jẹ́ kí o sinmi.

Mo padà sórí ọ̀rọ̀ mi. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìdèrè. Ìyá rẹ bi mí ibi tí mò ń lọ, mo ní mò ń lọ ra gàrí. Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Mo bá Táyé lábẹ́ àtíbàbà rẹ̀, ó ń yan gàrí lórí iná. Ó rí mi, ó ní, "Tíṣà, ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ má bínú, bí mo bá dìde báyìí, á jóná. Ẹ jókòó." Mo jókòó sórí àpótí. Mo ní, "Táyé, mo wá bẹ̀ ọ́ ni."

"Nítorí kí ni, sà?"

"Nítorí ohun tí mo sọ nípa Kẹ́hìndé ní kíláàsì."

Kò dá ọwọ́ dúró. Ó ń ro gàrí náà lọ, ó ro ó bọ̀. Ó ní, "Tíṣà, mo ti mọ̀ kí ẹ tó sọ ọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ti sọ fún mi lódò. Nítorí màmá mi ni mo fi ń ní Èkó ló lọ. Mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́jọ, Mojí. Ìyá ń pa á mọ́ fún ọmọ, ọmọ ń pa á mọ́ fún ìyá, èmi sì wọ àárín wọn pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Mo bi í, mo ní, "Kí ló wá dé tí o kò padà wá sí ilé-ìwé?"

Ó ní, "Ẹ ní kí n jókòó, mo jókòó. Ẹ wá kọjú sí pátákó, ẹ ń kọ̀wé lọ. Mo ń wo ẹ̀yìn yín. Mo ní bí ẹ bá yíjú padà wò mí, kò burú. Agogo lù, ẹ ò yíjú padà. Nígbà tí mo délé, mo ní ẹ máa wá. Nígbà tó yá, màmá mi ní kí n padà sí ilé-ìwé, èmi ni mo ní kí wọ́n jẹ́ kí a dúró dè yín ná. Ó tó oṣù kan tí mo fi ń yọjú sójú ọ̀nà."

Mo sunkún níbẹ̀, bí mo ṣe dàgbà tó yìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada gàrí. Àwọn tó wá rajà ń wò mí. Táyé sọ fún wọn pé, "Èéfín ni, ó ń ta wọ́n lójú." Ó wọn gàrí kóńgò kan fún mi, kò gba owó rẹ̀.

Mo ti gbà á gbọ́ fún ọdún mẹ́tàdínlógójì pé ọ̀rọ̀ tí mo sọ ló lé ọmọ yẹn kúrò ní ilé-ìwé. Mi ò mọ̀ pé mo ṣì ní odidi oṣù kan láti fi tún un ṣe. Mi ò mọ̀ nítorí pé mi ò lọ béèrè.

Awakọ̀ kan tó ń lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọ̀la ni màá fi lẹ́tà yìí rán, á fún ọ ní Èrúwà kí o tó wọ kíláàsì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, kí oòrùn tó mú, lọ sí ilé Sídíkà. Má mú bísíkíìtì dání bí ẹni tó fẹ́ ra ọmọ. Kí àwọn àgbà ilé bí o ṣe yẹ kí o kí wọn. Lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ á fi bá ojú rẹ̀ mu, kí o sọ fún un létí gbogbo wọn pé, "Mo ṣe àṣìṣe, mi ò bi ọ́ kí n tó fìyà jẹ ọ́. Kí ló mú ọ pe ìyá rẹ lọ́jọ́ yẹn?" Kí o wá dákẹ́. Má bá a wá ọ̀rọ̀, má tọ́ ọ sọ́nà. Bí kò bá dáhùn, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o padà lọ lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Má dúró de ọjọ́ Ajé, Àbẹ̀kẹ́ mi. Ọdún mẹ́tàdínlógójì ni èmi fi pẹ́. Ìwọ, bó bá fi máa di ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni.

Èmi ni bàbá rẹ, tó jókòó ti fóònù, tó fẹ́ mọ ohun tí ọmọ náà bá sọ.